Ìró Lẹ́tà Ni Kí Ọmọdé Kọ́kọ́ Mọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, bí ènìyàn bá ń kọjá lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin, ìbáà ṣe ní apá Àdéwọlé tàbí ní apá Òkèlele, kò ní ṣàìgbọ́ ohùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi orin ka ábídí: á, bí, dí, é, ẹ́, fí, títí wọn yóò fi kà á dé òpin. Ohùn náà dùn létí, ó sì ń mú inú òbí dùn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà síwájú, tí ó fi ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà k nìkan lára pátákó, tí ó sì bèèrè ohun tí a ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ ka orin náà láti orí á, yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pàdé k lójú ọ̀nà. Bí olùkọ́ bá sì tún bèèrè ìró tí k ń dún nínú kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ dojú rú.

Orin ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kò tíì mọ lẹ́tà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ tí ó bá ń fi orin gun òkè láti kíláàsì dé kíláàsì lè dé ìkẹta tàbí ìkẹrin kí àṣírí tó tú. Yóò ka odindi ojú ìwé kan láìkọsẹ̀, nítorí pé ó ti há a sórí, àwòrán tí ó wà níbẹ̀ sì ń rán an létí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ bo àwòrán náà, tí a ní kí ó ka ọ̀rọ̀ kẹta ní ìlà kẹrin, ojú olùkọ́ ni yóò máa wò. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò máa pè é ní olódo. Olódo kọ́, a kò fi kọ́kọ́rọ́ ìwé kíkà lé e lọ́wọ́ ni. Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn gbé jáde ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, 89 ni kò lè ka ìtàn kúkúrú kí ó sì yé wọn.

Níbo ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti da orúkọ lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Orúkọ ni a fi ń pe lẹ́tà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìró ni iṣẹ́ tí lẹ́tà náà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀. Lẹ́tà b, orúkọ rẹ̀ ni bí. Ṣùgbọ́n kò sí bí kankan nínú bàtà. Ọmọ tí ó mọ orúkọ nìkan, bí a bá sọ fún un pé kí ó so b àti a pọ̀, bíá ni yóò pè é, yóò sì so t àti a pọ̀, yóò di tíá. Ó ṣe ohun tí a kọ́ ọ gan-an, ṣùgbọ́n bíátíá kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ ní Ìlọrin. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, bí ni orúkọ b, ìró b ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ń pe f, dọ́bù-yù sì ni wọ́n ń pe w. Kí ọmọdé wá ìró w nínú dọ́bù-yù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí i.

Àwọn ọmọ Ìlọrin ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í rántí. Púpọ̀ nínú wọn ti jókòó níwájú alfa ní ilé kéwú kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé, àwọn mìíràn sì ń lọ sí méjèèjì pọ̀. Lórí wàláà ni wọ́n ti mọ àlíífù, báù àti táù. Lẹ́yìn orúkọ àwọn lẹ́tà náà, alfa kì í fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Yóò fi àmì sí orí báù, wọn yóò pè é ní ba. Yóò fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò di bi. Yóò tún fi àmì mìíràn sí orí rẹ̀, yóò di bu. Ọmọ tí ó ti la èyí kọjá ti mọ̀ pé lẹ́tà kan náà lè ṣí ẹnu sí oríṣiríṣi ọ̀nà. Ohun kan náà ni olùkọ́ ilé-ìwé ń wá. Ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí alfa dé, kí ó sọ fún ọmọ náà pé níhìn-ín, ohun tí alfa ń fi àmì kékeré ṣe lókè tàbí nísàlẹ̀, odindi lẹ́tà ni ó ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ èkejì rẹ̀ ni ó sì ń dúró sí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé Lárúbáwá ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ti ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ọmọ tí ó bá ti apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ síléètì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò ṣẹ̀. Ohun tí ó kọ́ ní ilé kéwú ni ó rántí. Kí olùkọ́ fa ọfà kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà fún un, kí ó má ṣe nà án.

Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojú. Etí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ohun tí olùkọ́ yóò kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Kí ó pe àwọn ọmọ nípa orúkọ wọn. Kí Ráfíù, Ràṣídì àti Ràbíátù bọ́ síwájú, kí wọ́n dúró papọ̀. Kí ó bi ìyókù pé ìró wo ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀. Bí Sàlámátù bá yọ́ wọ àárín wọn, gbogbo kíláàsì ni yóò pariwo pé kì í ṣe ti ibẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí olùkọ́ dárúkọ bàtà, bẹ́líìtì, fìlà àti búrẹ́dì, kí àwọn ọmọ yọ èyí tí kò bá ẹgbẹ́ mu. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n máa fi pàtẹ́wọ́ ge ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìlọrin, pàtẹ́wọ́ mẹ́ta: Ì-lọ-rin. Òkèlele, mẹ́rin. Gàm̀bàrí ńkọ́? Olùkọ́ pàápàá máa ń ṣì í níbẹ̀, yóò pa mẹ́ta. Mẹ́rin ni: Gà-m̀-bà-rí, nítorí pé m̀ àárín náà ní ohùn tirẹ̀, ó sì ń dá dúró.

Nígbà tí etí wọn bá ti là dáadáa, kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ pa wọ́n ní àlọ́: yóò fa f gùn díẹ̀, yóò dánu dúró, yóò sì pe ìlà, kí àwọn ọmọ sọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Fìlà! Ọmọ tí ó bá ń ṣe èyí láìwo ohunkóhun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀wé kà. Ohun tí ó kù kò ju kí a fi àwòrán lẹ́tà hàn án lọ.

Ní ti ètò tí a ó fi gbé àwọn lẹ́tà kalẹ̀, kò sí òfin tí ó sọ pé kí a tẹ̀lé ábídí láti orí a dé y. Ábídí dára fún wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ó fi b àti d sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, tí ojú ọmọdé kì í mọ èyí tí ó kọjú sí òsì àti èyí tí ó kọjú sí ọ̀tún. Ó tún fi e ti ẹ, ó fi o ti ọ. Ó sàn kí a mú ìwọ̀nba lẹ́tà tí ó lè tètè bí ọ̀rọ̀. Bí a bá fi a, b àti t bẹ̀rẹ̀, ọmọ yóò ka ata, bàbá, bàtà àti tábà ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí a bá fi i àti l kún un, ó di ilá, ilà, àlá àti tábìlì. Bí a bá mú o àti k wá, oko dé, kòkó dé, tòlótòló náà dé, èyí tí kò sí ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá kà á. Ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ ní ilé ni ó ń bá pàdé lára pátákó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kí b ti wọ̀ ọ́ lára dáadáa kí a tó mú d jáde.

Àwọn ìró kan wà tí ẹ̀mí lè fà gùn, bíi f, s, ṣ, l àti m. Ìwọ̀nyí rọrùn láti so mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n b, t, d, k àti g kì í ṣe é fà. Bí wọ́n bá ti dún, wọ́n parí. Olùkọ́ tí ó bá ń pe b ní bù, tí ó ń pe t ní tù, ti so ìrù mọ́ wọn, bù-à-tù-à ni ọmọ yóò sì máa pè dípò bàtà. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ẹnu òun: ètè méjèèjì pàdé fún b, kò tíì dún, bí wọ́n ti ṣí, a ni ó jáde, ó di ba lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀, kí wọ́n tò ó lọ: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Èdè Yorùbá rọrùn púpọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé kò sí kọ́ńsónáǹtì méjì tí ń tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ bí ó ti rí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gb tí ó dà bí méjì, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Ètè pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n sì gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí olùkọ́ kọ ọ́ pa pọ̀, kí ó yí i ká, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ pe g tán kí ó tó pe b.

Ọ̀rọ̀ n tún nílò àlàyé. Nínú Ìlọrin, lẹ́tà mẹ́fà ni ojú rí, ìró márùn-ún ni etí gbọ́. N tí ó gbẹ̀yìn kò dá dún. Ńṣe ni ó ń sọ pé kí a gba imú pe i tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti inú ìlọ irin, òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń pọ́n irin wọn, ni orúkọ ìlú náà ti wá. Kí a so ìlọ àti irin pọ̀ lójú àwọn ọmọ, kí wọ́n gbọ́ bí Ìlọrin ti jáde, inú wọn yóò dùn, wọn kò sì ní gbàgbé in mọ́. Bákan náà, an inú ìtàn àti ọn inú ìbọn, ìró kan náà ni ní ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọn ni a ń kọ bí ó bá tẹ̀lé ìró tí a fi ètè pè, bíi b, p àti f.

Àmì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé èdè Yorùbá sínú ìwé ní ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ní láti yanjú ni bí lẹ́tà Róòmù yóò ṣe tó fún fáwẹ̀lì méje wa. Ìpàdé pàtàkì kan jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní Èkó ní ọdún 1875, ìjọba àpapọ̀ sì fi ọwọ́ sí ìlànà tuntun ní ọdún 1974. Àwọn alfa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá bá ìṣòro kan náà pàdé, nítorí pé àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Nítorí èyí, ọmọ tí ó ti ilé kéwú wá nílò ìtọ́sọ́nà lórí e àti ẹ, o àti ọ, ju ohun mìíràn lọ. Kí a fi owó hàn án, kí a fi ọwọ́ hàn án. Kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ohun tí a ń ná kì í ṣe ohun tí a fi ń ná an.

Àmì ohùn ń kọ́? Àwọn olùkọ́ kan sọ pé ó le fún ọmọdé, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Ọjọ́ iwájú náà kì í sábà dé. Kò sí ọmọ ọdún márùn-ún tí ń sọ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń lọ, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ó ti mọ̀ wọ́n ní ẹnu. Kí ó gbé ọwọ́ sókè fún mí, kí ó tẹ́ ẹ fún re, kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún dò. Kí olùkọ́ máa fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ sára pátákó láti ọjọ́ kìíní, kí ojú ọmọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá tíì lè fi í sí i fúnra rẹ̀.

Àwọn òbí kan yóò bèèrè pé, Gẹ̀ẹ́sì tí a torí rẹ̀ mú ọmọ wá sílé-ìwé ń kọ́? Kò sí ìjà láàrin wọn. Nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní, 21 ni Gẹ̀ẹ́sì náà ń lò. Ọmọ tí ó ti kọ́ bí a ti ń so ìró pọ̀ ní èdè tí ó gbọ́ kò tún ní kọ́ ọgbọ́n náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó kù ni kí a sọ òtítọ́ fún un: p Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe p inú pátákó, àti pé Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà 26 ru ìró tí ó tó 44, tí a fi ń pe a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú cat, cake àti call. Ìwé Jolly Phonics, tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1992, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sì ti lò, ka ìró 42. S, a, t, i, p, n ni ó fi bẹ̀rẹ̀; àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò tẹ̀lé ábídí.

Ní oṣù January ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí a dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò gbẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè fún ọmọ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà. Ìpínlẹ̀ Kwárà kò fi èyí pamọ́. Ní ọdún 2008, a dán olùkọ́ 19,125 wò ní ìpínlẹ̀ náà lórí ìmọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní, 75 péré ni ó dé ojú ìwọ̀n tí a là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì yẹ kí ó dùn wọ́n. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti wáyé, tí ó fi kan KwaraLEARN tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, nínú èyí tí olùkọ́ ń rí ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè sọ ohun tí olùkọ́ yóò kọ́. Kò lè gbọ́ bí Ràṣídì ti pe ṣ. Etí olùkọ́ ni yóò gbọ́ ọ.

Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ etí ni. Bí ó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọba tàbí Ìpàtà, kí ó bi í pé ìró wo ni ó bẹ̀rẹ̀ tòmátò, kí ni ó bẹ̀rẹ̀ gbúre, èwo nínú iyọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kò bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ní ilé-ìwé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, lójoojúmọ́, sàn ju odindi wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Ní ìparí tẹ́ẹ̀mù, kí olùkọ́ má ṣe fi ìwé tí wọ́n ti kà rí dán wọn wò. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sára pátákó, bíi bìtáló, kókàbí àti tálìkò, kí ó pe àwọn ọmọ síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá kà á, tí ó sì rẹ́rìn-ín nítorí pé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ti bọ́. Èyí tí ó bá ń wo òkè àjà, tí ó ń gbìyànjú láti rántí, kò tíì mọ ohun tí lẹ́tà wà fún. Kí olùkọ́ má ṣe dá a padà sí orin á, bí, dí. Kí ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí ó bá a padà sí pàtẹ́wọ́ Ìlọrin àti Gàm̀bàrí, kí ó sì tún dán an wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.